Kí lẹ tọrọ lọ́jọ́ ọdún, ta ló sì fún yín?

Ìyá Ìbejì (Brooklyn)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìmúra ọdún. Láti àná tí Àǹtí Bùnmi ti bi wá bóyá ẹnì kan nínú wa ti fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní ohun tó tọrọ fún ọdún ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Èmi ti fúnni rí. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ọdún 2009 ni. N kò tíì pé ọdún méjì nílùú New York, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Obìnrin ará Haiti kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, òun máa ń lọ mú lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá tó wà ní Eighth Avenue, èyí tí wọ́n ń pè ní James A. Farley, lẹ́yìn Madison Square Garden. Mo ní lẹ́tà ta ni? Ó ní lẹ́tà táwọn ọmọdé kọ sí Bàbá Kérésì. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Kì í ṣe eré. Láti ọdún 1912, nígbà tí Frank Hitchcock jẹ́ ọ̀gá àgbà ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà, ló ti fọwọ́ sí i pé káwọn òṣìṣẹ́ àtàwọn aráàlú máa dá àwọn lẹ́tà yẹn lóhùn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1940, lẹ́tà ti pọ̀ jura lọ, wọ́n sì ké sí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti ilé iṣẹ́ kí wọ́n wá bá wọn gbé e. Operation Santa ni wọ́n ń pè é.

Mo tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ mi ará Haiti yìí lọ lọ́jọ́ tí ọwọ́ wa dilẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ gbòòrò, àwọn òpó ńláńlá tò lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, mo kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ̀dà lẹ́tà ni wọ́n kó fún wa. Wọ́n ti pa àdírẹ́sì rẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ilé ọmọ náà. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, torí ayé ti burú.

Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kà, ẹ̀rọ géèmù ni wọ́n ń béèrè, agbára mi kò ká a. Mo rọra dá wọn padà sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ti ọmọkùnrin kan tó ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lòun. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́, ó ti pa ibì kan rẹ́ títí bébà fi fẹ́ lu. Ó fẹ́ kóòtù òtútù tó ní fìlà lẹ́yìn, ó kọ sáìsì rẹ̀ sí i. Ó fẹ́ ìbọ̀wọ́ fún ìyá rẹ̀, torí ọwọ́ ìyá náà máa ń là. Kóòtù yẹn, ó ní kó jẹ́ pupa. Ó kọ “pupa” lẹ́ẹ̀mejì, ó fa ìlà sí i nídìí. Ó wá ṣàlàyé pé àbúrò òun obìnrin máa ń dúró de òun lẹ́nu géètì ilé ìwé, kì í sì í tètè rí òun láàárín èrò.

Mo dé ọjà, kóòtù pupa wà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó aláwọ̀ aró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mú aláwọ̀ aró. Mo ní ṣebí òtútù kò mọ àwọ̀, èyí kò sì ní tètè dọ̀tí. Mo ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó nígbà tí ọ̀rẹ́ mi di apá mi mú, ó ní: “Ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi padà sí Òṣogbo. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo sọ fún bàbá mi pé bàtà pupa tó ń dán, tó ní ìdè lókè, ni mo fẹ́ fún Kérésì. Bàbá mi lọ ra sàǹdáàsì ilé ìwé wá, torí pé màá lè wọ̀ ọ́ ní January. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́, mo sì lọ sunkún lẹ́yìnkùlé. Bàtà gidi ni, ó sì pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá mi sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé nǹkan báyìí ni mo fẹ́.

Mo dá aláwọ̀ aró padà. Mo ra pupa. Ìbọ̀wọ́ ìyá rẹ̀, èyí tó ní òwú nínú ni mo mú, mo fi ike òrí kan kún un fún ọwọ́ tó ń là. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé èyí kò sí nínú lẹ́tà o, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òrí kò burú.

A gbé e lọ sí Farley, mo san owó ìfiránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi gbé páálí náà wọ ẹ̀yìn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn, kí èmi má baà rí i. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọlé. N kò mọ orúkọ bàbá ọmọ yẹn, n kò mọ àdúgbò rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ọmọ kan wọlé pẹ̀lú kóòtù pupa, màá wo ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tèmi yẹn á ti lé lógún ọdún báyìí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń mú lẹ́tà báyìí. Wọ́n dán an wò ní 2017, ó sì kárí gbogbo orílẹ̀-èdè ní 2020. Wọ́n á yẹ ìdánimọ̀ yín wò kí wọ́n tó gbà yín. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ ọ́, ibi tí yóò kọ sí ni Santa Claus, 123 Elf Road, North Pole, 88888. Ẹ tètè ṣe é, wọn kì í dúró de oṣù Kejìlá kó parí.

Bọ̀ọ̀dá Akin (Ìbàdàn)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ àánú. Tèmi kò ná ẹnikẹ́ni ju owó ọkọ̀ lọ.

Àwa tá a jọ ka ìwé mẹ́wàá máa ń ṣe é nígbà Iléyá. Kálukú á sọ ohun kan tó fẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ owó. Ẹnì kan lè ní kí wọ́n kọ́ òun ní gèlè wíwé, ẹlòmíràn á ní ewúro tútù lòun fẹ́. Lọ́dún kan, obìnrin kan nínú wa tó wà ní Kàdúná kọ ọ́ pé: “Oríkì bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́. Ọmọ Ìkòyí ni wá. Ìyá bàbá mi ló máa ń kì wá láàárọ̀ ọdún, wọ́n ti lọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀.”

Ọjọ́ méjì gbáko, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Èmi ni mo rántí pé agboolé Ìkòyí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ìyàwó ilé náà sì ni ìyá mi. Ẹ mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé ló mọ oríkì ju àwọn ọmọ ilé lọ. Mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Mo na fóònù sí wọn lẹ́nu, wọ́n tì í kúrò. “Ta ni mo fẹ́ kì? Ṣé fóònù ni? Pe ẹni náà fún mi.”

Mo pè é. Wọ́n béèrè orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n béèrè ti bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí nù lórí ìró wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ní í fi í gbọgbẹ́, n kò gbọ́ nǹkan mọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kejì àfi ẹkún. Màmá kò dúró. Wọ́n ki oríkì náà dé òpin.

Mo gbà á sílẹ̀. Àkùkọ kan kọ láàárín, a kò yọ ọ́. Obìnrin náà ní láàárọ̀ Iléyá, kí wọ́n tó lọ sí yídì, òun máa ń tan án fáwọn ọmọ òun.

Ṣadé (Peckham, London)

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Èmi tọrọ, n kò rí gbà. Lọ́dún tó kọjá, níbì kan tí a ti máa ń kọ ohun tá a fẹ́ sórí káàdì, tá a sì ń fi kọ́ igi Kérésì, mo kọ ìwé orin Yorùbá tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, fún màmá mi. Nígbà tí wọ́n ń tú igi náà, káàdì mi wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ó dùn mí, mo mú un sápò, mo lọ sílé.

Mo tún ń sọ ọ́ níbí torí ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Màmá ti pé ọdún 81, ojú wọn ti ń ṣú. Wọ́n mọ gbogbo orin náà lórí. Wọ́n ní àwọn ṣáà fẹ́ dì í lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì

Ṣadé, ọmọ mi, àwọ̀ wo ni Màmá fẹ́ kí ẹ̀yìn ìwé náà jẹ́?

Ṣadé

Dúdú, mà. Bí ti àtijọ́.

Bọ̀ọ̀dá Akin

Lọ́la mo ń lọ sí Dùgbẹ̀, màá wá a ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìwé tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi ń lọ sí London kí ọdún tó pé. Bí mo bá rí onídúdú, màá ya fọ́tò lẹ́tà inú rẹ̀ ránṣẹ́, kí Màmá kọ́kọ́ wò ó bóyá ó tóbi tó.