Bí dark energy bá ń dínkù, ṣé àgbáálá ayé máa padà sún kì ni?

Títílayọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìràwọ̀ ibí. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, àwọn tó ń lo DESI, ẹ̀rọ tó ń wọn bí àwọn gálásì (àkójọ ìràwọ̀ ńláńlá) ṣe jìnnà sí wa, ní Kitt Peak, Arizona, sọ pé ó jọ pé dark energy ń dínkù. Bí ohun tó ń mú àgbáálá ayé yára fẹ̀ bá ń rọ, ṣé òòfà (gravity), agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra, kò ní borí, kí gbogbo gálásì wá forí sọ ara wọn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo ni?

Káyọ̀dé: Rárá o. Kí eré fífẹ̀ rọlẹ̀ yàtọ̀ sí kí fífẹ̀ náà yí padà. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wò ni w, ìyẹn ìfúnpá dark energy tí a fi ìwọ̀n agbára inú rẹ̀ pín. Tó bá jẹ́ -1 gẹ́lẹ́, bó ti wù kí àgbáálá ayé gbòòrò tó, iye dark energy tó wà nínú ààyè kan náà kì í yẹ̀. Tó bá wà láàárín -1 sí -1/3, ó ń dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n fífẹ̀ á ṣì máa yára sí i, bí òun bá ti borí àwọn yòókù pátápátá. Tó bá kọjá -1/3 sókè, fífẹ̀ á máa falẹ̀ láì dúró, níwọ̀n ìgbà tí ààyè bá tẹ́jú, tí kò tẹ̀, bí ìwọ̀n sátẹ́láìtì Planck ṣe fi hàn. Kó tó lè sún kì, dark energy gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ kọjá òdo. DESI kò rí ìyẹn.

Ìròyìn náà pàápàá, ẹ rọra gbà á. Nígbà tí wọ́n da DESI pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ àtètèkọ́ṣe (èyí tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé) àti supernova (ìràwọ̀ tó bú gbàmù), wọ́n rí sigma 2.8 sí 4.2 (sigma ni òṣùwọ̀n bí èsì ṣe dájú tó), ó sinmi lórí àkójọ supernova tí wọ́n lò. Sigma 5 la máa ń béèrè kí a tó gbà pé ó dájú. Ọ̀pọ̀ supernova tó sún mọ́ wa jẹ́ èyí tí àwọn awò-awọ̀nàjíjìn míì yà látijọ́. Bí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wọn bá fi bí ìdá 4 péré nínú 100 yẹ̀ sí ti àwọn tó jìnnà, èsì náà á yí padà gan-an. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Mọ́remí: Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ti là á yé wa. Kí n fi ti àkókò kún un, ká gbà pé w jẹ́ -1. Oòrùn wa ṣì ní bíi ọdún bílíọ̀nù 5 kó tó wú di ràbàtà pupa (red giant). Lẹ́yìn bíi ọdún bílíọ̀nù 100 sí 150, àwọn gálásì tí kò sí lágbo tiwa á ti jìnnà débi pé a ò ní lè rí wọn mọ́. Ìràwọ̀ tuntun á dáwọ́ bíbí dúró ní nǹkan bí 10^14 ọdún (1 tí òdo 14 tẹ̀lé). Ihò dúdú (black hole) tó wúwo tó oòrùn á gba bíi 10^67 ọdún kó tó tán pátá, àwọn tó tóbi jù á gbà tó 10^100.

Ẹ má rò pé ilé ayé àti Milky Way, gálásì tiwa, náà ń fẹ̀ o. Òòfà ti dì wọ́n pọ̀. Ààrin agbo gálásì sí agbo gálásì ni ààyè ti ń gbòòrò.

Títílayọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Tí w bá wá lọ sísàlẹ̀ -1 ńkọ́?

Káyọ̀dé: Nígbà náà, bí ààyè bá ṣe ń gbòòrò ni dark energy á máa pọ̀ sí i, á sì fa gbogbo nǹkan ya. Àwọn onímọ̀ físíìsì Caldwell, Kamionkowski àti Weinberg ṣírò rẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú w = -1.5: ó ku bíi ọdún bílíọ̀nù 22. Milky Way á tú ká ní bíi ọdún mílíọ̀nù 60 ṣáájú òpin, ilé ayé á fọ́ nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Àpẹẹrẹ lásán ni -1.5 yẹn, ìwọ̀n tí a ní báyìí jìnnà sí i. Awò-awọ̀nàjíjìn méjì, Euclid, tí wọ́n gbé lọ sójú òfuurufú ní 2023, àti Rubin ní Chile, ni kí ẹ máa fojú sí. Rubin á fi awò kan ṣoṣo ya supernova tó sún mọ́ wa àti èyí tó jìnnà.