Báwo lẹ ṣe ń kọ àròkọ tó pa ewì, eré àti ìtàn pọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka lítíréṣọ̀ ní yunifásítì, wọ́n ní ká sọ bí wọ́n ṣe lo ikú nínú ewì kan tí wọ́n ń pè ní sonnet, eré orí ìtàgé kan àti ìtàn kúkurú kan. Ti sonnet ò le, ìlà 14 ni, mo ti rí ibi tí èrò ti yí padà. Àmọ́ eré yẹn ńkọ́, kò sí asọ̀tàn níbẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ni kí n wò àbí ìṣe wọn náà? Ẹni tó sì ń sọ ìtàn kúkurú yẹn, "èmi, èmi" ṣáá ni, mi ò gbà á gbọ́ rárá (òpùrọ́ ni jàre). Ṣé kí n pín àròkọ náà sí mẹ́ta ni àbí kí n máa gbé kókó kọ̀ọ̀kan gba inú gbogbo wọn?