Ọlẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn IVF, ṣé a lè fi sílẹ̀ fún ìwádìí?

Ìyá Tómi:
Ẹ kú ilé o. AS ni mí, AS ni bàbá Tómi, SS sì ni Tómi. Ká tó bí ìkejì, dókítà ní ká ṣe IVF, ìyẹn ni pé wọ́n á so ẹyin mi pọ̀ mọ́ àtọ̀ bàbá Tómi níta ara: wọ́n á yẹ àwọn ọlẹ̀ wò, wọ́n á gbé èyí tí kì í ṣe SS sí mi nínú. Ìyókù, yálà kí wọ́n dì í pamọ́ sínú òtútù, tàbí ká fọwọ́ síwèé kí wọ́n fi ṣèwádìí. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni wá. Fadá ní kò ṣeé ṣe, ó sì wọlé lọ múra Mísà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì máa dà á nù náà ni, kí ló dé tí a ò lè fi wá oògùn fún irú Tómi?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ kú ìtọ́jú o. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, kátíkísì ni mò ń kọ́ni báyìí, mi ò ní í sáré bíi ti Fadá (kí Ọlọ́run forí jì mí). IVF fúnra rẹ̀ ni Róòmù kọ́kọ́ kọ̀. Donum Vitae, ìwé ẹ̀kọ́ Róòmù ti 1987, tí Kádínà Ratzinger fọwọ́ sí, ní láti ìgbà tí ẹyin bá ti gba àtọ̀ ni ká ti máa ṣe é bí ènìyàn. Ẹni tó ń kú lọ, a kì í torí pé yóò kú ká máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lóòyẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń yọ stem cell (sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn) lára ọlẹ̀, ó sábà máa ń pa á ni. Ní ti cloning (ṣíṣe ọlẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀dà ẹnìkan) tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wo aláìsàn, Dignitas Personae, ìwé Róòmù mìíràn ti 2008, ní ó tún burú ju èyí tí wọ́n fẹ́ fi bímọ lọ: wọ́n dá ọlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n lè pa á.

Akin Ìbàdàn:
Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kí ọjọ́ 14 tó pé, ọlẹ̀ kan ṣì lè pín sí méjì. Kó tó pín, ta ló wà níbẹ̀, Táyé ni àbí Kẹ́hìndé? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1990 ò ṣàdédé fi ààlà ìwádìí lórí ọlẹ̀ sí ọjọ́ 14 o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Akin, o bi mí ní ti gidi. Mi ò lè sọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ohun tí Pópù John Paul Kejì kọ ní 1995 ni pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó kàn ṣeé ṣe kó jẹ́ ènìyàn ni, ìyẹn ti tó láti dáwọ́ dúró. Ìyá Tómi, stem cell inú mùdùnmúdùn egungun àti ti ẹ̀jẹ̀ ìwọ́, Ìjọ ò bá wọn jà. Mùdùnmúdùn tí wọ́n gbà lára ẹlòmíì ti wo àwọn SS kan sàn, pàápàá bí ọmọ ìyá wọn tí ara rẹ̀ bá tiwọn mu bá wà.

Ìyá Tómi:
Ẹ ṣé, mà. Ọmọ ìyá yẹn náà kúkú ni mò ń wá. Bàbá Tómi sì ti sanwó àyẹ̀wò àkọ́kọ́.