Kọ̀ǹpútà gbóná, ó ń kú lójijì. Fáànù ń yí báyìí ṣùgbọ́n kò dìde mọ́

Bọ̀dé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mi ló ń dà mí láàmú. Processor rẹ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) Ryzen 5 3600 ni, bọ́ọ̀dù B450 (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́), RAM (ibi ìrántí ẹ̀rọ) 8GB méjì, graphics card kan (èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí sùkíríìnì), páwà 500W (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ). Ó ti tó oṣù kan tó ti máa ń ṣàdédé kú bí mo bá ń gé fídíò, ooru rẹ̀ á sì ti lé ní 90°C. Lánàá ó kú lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tú fáànù orí processor, mo fi paste tuntun sí i (òrá tó ń gbé ooru processor lọ sára irin abẹ́ fáànù), mo dè é padà. Láti ìgbà náà, bí mo bá tàn án, gbogbo fáànù ń yí, ṣùgbọ́n sùkíríìnì ṣókùnkùn biribiri. Ṣé processor ti jóná ni? Mo ti fẹ́ lọ ra òmíràn.

Ọmọ Ìkẹjà:
Àbúrò, má tíì náwó. Ooru nìkan kì í sábà pa processor. 95°C ni òpin 3600 yìí. Bó bá ti ń sún mọ́ ọn, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bó bá wá le jù, á pa ẹ̀rọ kó tó jóná. Kíkú tó ń kú yẹn, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o tú u ni kí a wá. Sọ nǹkan mẹ́ta fún mi: nígbà tí o fa irin fáànù sókè, ṣé processor bá a jáde? Ṣé o ki wáyà oníhò mẹ́jọ tó wà lókè bọ́ọ̀dù padà? Nínú iná wẹ́wẹ́ ara bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ CPU (processor), DRAM (RAM), VGA (graphics card), BOOT (ibi tí ẹ̀rọ ti ń dìde) sí, èwo ló dúró síbẹ̀ tí kò kú?

Ìyá Ẹ̀rọ:
Kó tó dáhùn, mo fẹ́ sọ èyí torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: processor 3600 kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Bọ̀dé, bí o bá yọ graphics card tàbí tí o ki HDMI sára bọ́ọ̀dù, o ò ní rí nǹkan kan láéláé, bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ pé. Ara card ni kí wáyà sùkíríìnì wà.

Bàbá Wáyà:
Èmi ò tíì jẹ́ kí páwà lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Fáànù lè máa yí kí iná má tó bọ́ọ̀dù jẹ. Mú mítà. Ki dúdú mítà mọ́ wáyà dúdú, ki pupa rẹ̀ mọ́ wáyà yẹ́lò láti ẹ̀yìn pulọ́ọ̀gì oníhò 24 tí páwà fi wọ bọ́ọ̀dù, nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí iná: 11.4V sí 12.6V ló yẹ. Wáyà pupa, 4.75V sí 5.25V. Ọsàn, 3.14V sí 3.47V. Bó bá jẹ́ pé dúdú ni gbogbo wáyà tìẹ, má méfò, wá àwòrán ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Má sì tú inú páwà: iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá yọ ọ́ lára ògiri.

Bọ̀dé:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Yẹ́lò ka 12.1V, pupa 5.05V, ọsàn 3.3V. Wáyà oníhò mẹ́jọ wà níbẹ̀ ṣinṣin, HDMI sì wà lára card. Iná DRAM ló dúró. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, processor bá irin náà jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Mo ṣáà tì í padà sí ihò rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà:
“Ṣáà tì í” yẹn ló bà mí lẹ́rù. Paste àtijọ́ ti gan bíi sìmẹ́ǹtì, ó sì fa processor yọ kúrò lábẹ́ ìdè rẹ̀. Ẹsẹ̀ 1331 ló wà lábẹ́ processor AM4 (irú ihò tí 3600 ń wọ̀). Bí méjì péré nínú àwọn tó ń bá RAM sọ̀rọ̀ bá tẹ̀, iná DRAM kò ní kú.

Yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, kí o tó tú u. Gbé ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò sókè, yọ processor, dì í mú létí, kí o sì gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Wò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ó yẹ kí ìlà wọn tò bí eyín àgbàdo lára ṣúkù. Èyí tó bá tẹ̀ lójú rẹ ni ọ̀daràn. Wá pẹ́ńsù 0.5mm tí a máa ń tẹ̀ lórí kí òkúta rẹ̀ tó jáde, yọ òkúta inú rẹ̀, fi ẹnu irin rẹ̀ bọ ẹsẹ̀ náà lórí, kí o gbé e dìde díẹ̀díẹ̀. Káàdì ATM lè gba àárín ìlà kọjá láti tò wọ́n. Má tì í síwá sẹ́yìn: ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta ló ń kán.

Bí o bá ń dá a padà, kí igun onígóòlù ara processor bá àmì igun ihò mu. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwúwo ara rẹ̀ jábọ́ sínú ihò. Bí o bá ní láti tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣì wọ́.

Ìyá Ẹ̀rọ:
Fi spirit isopropyl tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò nu paste kúrò pátápátá, tuntun tó tó ẹ̀wà kan láàárín ti tó. Irin ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù máa ń jábọ́ bí o bá tú sùkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fọwọ́ dì í mú. Bí o bá ń dè wọ́n padà, yí wọn ní ìdajì ìdajì, igun sí igun, kì í ṣe kí o dé ọ̀kan tán. Yọ bátìrì rìbìtì ara bọ́ọ̀dù (CR2032) fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Fi RAM kan ṣoṣo sí ihò kejì láti ẹ̀gbẹ́ processor, kí o sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta kí o tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ń dán RAM wò lọ́wọ́ ni.

Bọ̀dé:
Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló tẹ̀ ní igun kan, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Mo ti gbé wọn dìde. Ó jábọ́ sínú ihò fúnra rẹ̀ lótìítọ́. Ó dìde! 43°C ló wà báyìí láìṣe nǹkan, 81°C nígbà tí mo ń gé fídíò.

Ọmọ Ìkẹjà:
Ó dáa. Dá RAM kejì padà sí ihò kẹrin, kí o wo BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí). Bó bá ka 8GB dípò 16GB, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ kan ṣì kù tí kò kan ilẹ̀. Nígbà tí o bá tún fẹ́ tú u, jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí paste rọ̀, pa á, kí o wá yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí o tó gbé e.

Bọ̀dé:
16GB ló kà, ẹ̀gbọ́n.