Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àmì funfun ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi: a ti rí èsì

Ẹ kú àdúrótì. Ohun tí mo bi yín ni pé ṣé àyẹ̀wò jíìnì lè sọ bóyá àmì funfun tí kò ṣeé ha kúrò yìí yóò di jẹjẹrẹ.

Nínú yín, ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò ló ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n gé ẹran bíńtín bíi hóró ìrẹsì, wọ́n fi òwú gán ibẹ̀. Èsì rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ti ń yí padà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ. Fífi búrọ́ọ̀ṣì gbo ibẹ̀ láti fi kó sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn kan dábàá? Dókítà ní kò lè rọ́pò gígé.

Àyẹ̀wò jíìnì ní tiẹ̀ ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Inú ẹran kan náà ni wọ́n ti yọ DNA, èròjà tí jíìnì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yẹ apá kúkúrú kúrómósómù (okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì) 3 àti 9 wò (3p àti 9p ni wọ́n kọ sínú èsì). Bí ègé ibẹ̀ bá ti sọnù, ewu ga sí i. Tèmi, ti 9p ló sọnù. Ewu ni wọ́n fi ń wọ̀n o, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ẹni tí tirẹ̀ pé náà ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò.

Wọ́n ti fi lésà yọ àmì náà. Sìgá ti di ìgbàgbé. Ó lè tún hù, nítorí náà dókítà ṣì ń yẹ ẹnu mi wò lóòrèkóòrè. Àmì kékeré mìíràn ṣì wà ní èrìgì mi, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.