Fọ́ọ̀mù kọ́ńtáàtì tuntun nínú Outlook: àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò yí padà

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa. Nínú Outlook, ètò ìmeèlì àti kọ́ńtáàtì ti Microsoft, mo ṣe fọ́ọ̀mù kọ́ńtáàtì fún àwọn oníbàárà, mo fi àyè nọ́ńbà àdéhùn kún un, mo sì publish rẹ̀ (gbé e jáde fún ìlò) sínú fódà àjùmọ̀lò pẹ̀lú orúkọ IPM.Contact.Onibara. Kọ́ńtáàtì tuntun ń jáde dáadáa. Àmọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Àwọn akọ̀wé ń dúró dè mí.

Èsì
Kọ́ńtáàtì kọ̀ọ̀kan ló ń gbé orúkọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ kiri, nínú àyè tó ń jẹ́ Message Class. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì jẹ́ IPM.Contact, orúkọ fọ́ọ̀mù àtilẹ̀wá Outlook. Ẹ kọ makro VBA kékeré (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú Outlook) tó máa gba inú fódà náà kọjá, tó máa yí MessageClass wọn padà sí IPM.Contact.Onibara, tó sì máa fi wọ́n pamọ́ (Save). Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fódà náà pamọ́ o!

Olùbéèrè
Ó ti ṣiṣẹ́! Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá mi. Ó ku kọ̀ǹpútà akọ̀wé kan tó ṣì ń gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ti àná jáde.

Èsì mìíràn
Cache ni, ìyẹn ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí Outlook fi pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ lọ sí File, Options, Advanced, Custom Forms, Manage Forms, kí ẹ tẹ Clear Cache. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún sí Outlook tuntun, nítorí kò gba irú fọ́ọ̀mù yìí rárá. Classic, ìyẹn Outlook àtijọ́ ti orí kọ̀ǹpútà, ni kí gbogbo wọn máa lò.