Ọkọ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tí a ti pínyà, ẹ gbà mí o

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú ilé o. Oṣù mẹ́rin rèé tí èmi àti bàbá ọmọ mi ti pínyà, ọkọ̀ mi ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun fẹ́ yá a fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan! Lánàá mo rí wọn níbi iná pupa. Obìnrin kan gbẹ́sẹ̀ lé iwájú ọkọ̀ bí ẹni wà nílé bàbá ẹ̀. Wọ́n ti yọ àga ọmọ mi lẹ́yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo so mọ́ dígí, kò sí mọ́. Èmi wá ń fẹsẹ̀ mú ọmọ lọ síléèwé. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ̀wé ránṣẹ́, ó kà á, ó dákẹ́. Ẹ má ní kí n gbàdúrà o, mo ti ń gbà á.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fìríìjì ni tèmi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lé e kiri, ìgbà tí mo máa rí i gbà, kò tutù mọ́.

Awakọ̀ Àgbà: Orúkọ ta ló wà lára ìwé ọkọ̀?

Àbẹ̀kẹ́: Owó mi ni wọ́n fi rà á, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tiẹ̀ bá mi wo ti obìnrin yẹn ná.

Kòbẹ̀rù: Ṣé kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹ? Lọ wà á lóru. Ó parí.

Awakọ̀ Àgbà: Kí wọ́n lè tì í mọ́lé? Àbẹ̀kẹ́, orúkọ ta?

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra, ẹ̀yin náà. Ẹni inú ń bí lẹ ń jágbe mọ́.

Olóhùn Tútù: Kọ lẹ́tà sí i, dá ọjọ́ fún un, kí o tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀. Nígbà tèmi, ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì ni, kí n gba kóòtù lọ. Lẹ́tà yẹn ló gbè mí.

Àbẹ̀kẹ́: Ó dáa. Orúkọ ẹ̀ ni. Mo wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìwé, mo ní kó fi tiẹ̀ ṣe é, ṣebí ọ̀kan náà ni wá nígbà yẹn. Lóònù tí mo fi rà á, oṣooṣù ni báńkì ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ó ku oṣù mọ́kànlá.

Kòbẹ̀rù: Hà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Awakọ̀ Àgbà: Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn. Tí o bá wà á lóru, olè ni wọ́n máa pè ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni adájọ́ ń wò, ẹni tó sanwó náà ṣe kókó. Gba àkọsílẹ̀ owó tí báńkì ń yọ, wá rísíìtì. Má dá lóònù yẹn dúró o, ìwọ lo jẹ báńkì, kì í ṣe òun. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti ní òun fẹ́ "yá" a ńkọ́? Ẹni tó ní nǹkan kì í yá a. Kó gbogbo ẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò.

Àbẹ̀kẹ́: Inú bí mi lálẹ́ àná, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Ìyá Ìbejì: Áà! Àbẹ̀kẹ́!

Olóhùn Tútù: O ò fi han ẹnikẹ́ni rí?

Àbẹ̀kẹ́: Mo yàwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi lọ́jọ́ yẹn, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n pè é.